Ta Ló Ni Mẹ́rin?

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan ni ìwé ìṣirò mi máa ń rùn lọ́dún náà. Bí mo bá ṣí i nínú kíláàsì ní Ìkàrẹ́, ẹni tó jókòó tì mí á fi ọwọ́ bo imú, á ní, "Ìyá onígaàrí, ẹ kú ọjà o." Mi ò bínú sí i, nítorí òótọ́ ló sọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń gbé ní Ọ̀kà. Òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní àdúgbò wa, pẹ̀lú jáàkì méjì tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ kúrò, lábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́yìn ilé. Lábẹ́ páànù yẹn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé mi, lórí àpótí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa wọ bọ́ọ̀sì, yóò gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, níbi tí mo ti ń ka ìwé ọlọ́dún méjì tí àwọn ènìyàn ń kà kí wọ́n tó wọ yunifásítì.

Ìlú Ese ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ sì ni bàbá mi. Àwa ọmọbìnrin méjì la fẹ́ràn ìwé nínú ilé wa. Kí n tó kúrò nílé, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Oko yìí lè yọ̀ǹda ẹnì kan. Kò lè yọ̀ǹda ẹni méjì. Ìwọ ni àgbà, máa lọ. Tí o bá ṣe ìdánwò rẹ lọ́dún tó yẹ kí o ṣe é, máa bá tìrẹ lọ. Tí ọdún yẹn bá kọjá tí o kò ṣe é, padà wálé, kí àbúrò rẹ bọ́ sí ipò rẹ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń pín ilẹ̀ oko ló ṣe sọ ọ́. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń sọ ọ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, àwa méjèèjì ò sì lè wo ara wa lójú.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ní Ìkàrẹ́ ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í pariwo. Ó ní àṣà kan tí a ò rí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yòókù. Kò ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ fún ìdánwò ìṣirò àfi tí ẹni náà bá dúró níwájú pátákó, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun kan dé ìdí. Lọ́dún tiwa, fọ́ńṣọ̀n ló yàn.

Bí ẹ bá yọ ẹ̀rù tí orúkọ yẹn ń dá bani kúrò, fọ́ńṣọ̀n kò ju òfin kan lọ. Ẹgbẹ́ kan wà lápá òsì, ẹgbẹ́ kan wà lápá ọ̀tún. Òfin náà á mú ẹnì kọ̀ọ̀kan lápá òsì, á sì fún un ní ohun kan ṣoṣo lápá ọ̀tún. Ìbéèrè méjì ni ọ̀gá máa ń bi irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ kí ẹni méjì gba ohun kan náà? Bí kò bá lè ṣẹlẹ̀, wọn-tu-wọn la máa ń pe òfin náà. Ìbéèrè kejì: ṣé ohunkóhun ṣẹ́kù lápá ọ̀tún tí kò sẹ́ni tó gbà á? Bí kò bá sí, ọ́ntù la máa ń pè é. Òfin lè jẹ́ èkíní kó má jẹ́ èkejì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ló lè ka ìyẹn sórí, èmi náà kà á sórí. Fífi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ni ìjà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí ó kàn mí, ọ̀gá kọ 3x + 2 sójú pátákó. Ó ní kí n mú nọ́ńbà èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ odidi, ìbáà jẹ́ ìdá, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí n fi méjì kún un. Ó ní kí n fi hàn pé òfin yìí jẹ́ wọn-tu-wọn, ó sì jẹ́ ọ́ntù. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀kì bí ẹni tó fẹ́ wá kọ́ ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé p àti q jẹ́ ọ̀kan náà. Tí a bá sọ àwọn méjèèjì di ìlọ́po mẹ́ta, tí a sì fi méjì kún un, èsì kan náà ni a óò rí. Nítorí náà, wọn-tu-wọn ni." Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo tún fa ìkejì.

Ọ̀gá wò ó títí. "O ti fi hàn pé ẹnì kan kì í gba nǹkan méjì," ó ní. "Ta ló bi ọ́ bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo bi ọ́ ni bóyá ẹni méjì lè gba nǹkan kan."

Mi ò rí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Mo sáré bọ́ sórí ìkejì. Mo ní òdo gba méjì, ení gba márùn-ún, èjì gba mẹ́jọ, mo sì kà á lọ bẹ́ẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kì fi kúrú lọ́wọ́ mi. Mo ní gbogbo wọn pátá ló rí gbà.

"O ń ka àwọn tó wá jẹun," ọ̀gá dáhùn. "Oúnjẹ tí kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ni mò ń bèèrè." Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa fi orúkọ ránṣẹ́."

Ká sòótọ́, bí mo ṣe jókòó nínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ni mo dá lẹ́bi. Mo sọ fún ara mi pé kò fẹ́ràn àwa ará Ese. Ó gbà mí tó ìrìn àjò dé Àkùngbá kí n tó rántí pé kò mọ ibi tí mo ti wá.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ lọ sí Ṣúpárè lọ kí ẹnì kan tó ṣòfò. Ó ní kí n bá òun dúró ti àwọn jáàkì. N kò ṣe iṣẹ́ yẹn rí láìsí òun níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: bí ẹ̀rọ bá ti lọ ẹ̀gẹ́ obìnrin kan tán, yóò rọ ọ́ sínú àpò, yóò di ẹnu rẹ̀, yóò sì so àkísà tó mú wá láti ilé mọ́ ọrùn àpò náà. Wọ́n á wá to àpò lé àpò lábẹ́ jáàkì, omi á máa ro fún ọjọ́ mẹ́ta. Àpò gbogbo wọn jọra, àpò ajílẹ̀ tí wọ́n fọ̀ ni. Àkísà yẹn nìkan ló máa sọ ẹni tó ni ín lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó o lọ yan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, mo rí ìyẹn bí ìwà àìlajú. Bó ti jáde ni mo fa ìwé mi yọ, mo fa ìlà sí àárín ojú ewé, mo kọ orúkọ àwọn obìnrin sápá òsì, mo kọ irú àkísà wọn sápá ọ̀tún. Ìyàwó káfíńtà, tó kọ́kọ́ dé, dúró wò mí.

"Kí lò ń kọ bí akọ̀wé kóòtù?"

"Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú ni, mà."

"Ó ti ń dàrú tẹ́lẹ̀ ni? Ó dáa, kọ ọ́. Àkísà mi nìyí, búlúù olójú wẹ́wẹ́. Kọ ọ́ kó hàn, kí o má lọ kọ ọ́ bí ìwé dókítà."

Ọwọ́ ọ̀sán ni ìyá oníkẹrosíìnì dé, ó so tirẹ̀, mo kọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni mò ń bi gbogbo wọn: "Àkísà yín dà, mà? Ṣé ẹyọ kan ni?" Tí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, mo máa fi àmì sí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, mo na ìwé náà sí i. Mo ní kò sí obìnrin kan tí kò ní àkísà, kò sì sí èyí tó ní méjì. Ó ní, "O ṣeun," ó lọ bọ́ bàtà.

Nígbà tí mo ti Ìkàrẹ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ènìyàn. Ìyàwó káfíńtà di àpò kan mú ní ìhà kan, ìyá oníkẹrosíìnì di àpò náà mú ní ìhà kejì. Àpò yẹn ti gbẹ dáadáa. Òmíràn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi ṣì ń ro lára rẹ̀, nítorí etí jáàkì ló wà, jáàkì kò sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Aṣọ búlúù olójú wẹ́wẹ́ ni wọ́n so mọ́ ọrùn àwọn méjèèjì. Ọjà Ọ̀kà ku ọ̀la, ta ló máa fi àpò tó tutù yan gaàrí?

"Àkísà mi nìyí. Ẹ wò ó. Ara yúnífọ́ọ̀mù ọmọ mi ni mo ti ya á."

"Àbí ọmọ tìẹ nìkan ló ń lọ sílé ìwé ní Ọ̀kà? Ara yúnífọ́ọ̀mù ọmọ tèmi náà ni."

"Ẹ bi akọ̀wé. Akọ̀wé dà? Òun ló kọ ọ́."

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa. Gbogbo ilé ló ní yúnífọ́ọ̀mù tó ti gbó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn ọmọ náà nínú aṣọ yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣí ìwé mi, mo ka á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn: ìyàwó káfíńtà, àkísà kan, búlúù olójú wẹ́wẹ́, ìyá oníkẹrosíìnì, àkísà kan, búlúù olójú wẹ́wẹ́. Bí mo ṣe ń ka ìkejì ni ohùn mi ń lọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bọ́ sáàárín wọn. Ó tú ẹnu àpò méjèèjì, ó ki ọwọ́ sínú èyí tó gbẹ, ó fọ́ ẹ̀gẹ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn wọ́n. "Ẹ wo èèpo. Èèpo rèé, òmíràn rèé. Ta ni nínú yín tó bó ẹ̀gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé?"

Ìyàwó káfíńtà fi àpò náà sílẹ̀ ná, ó tún dì í mú. "Tèmi ni," ó ní. "Ọmọ ń ké lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà."

"Ìwọ lo fẹ́ fi èèpo bọ́ ará Ọ̀kà," ìyá oníkẹrosíìnì sọ. "Máa gbé e lọ. Tèmi mọ́, omi nìkan ló wà níbẹ̀." Àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé àpò tó tutù sáàárín jáàkì kejì fúnra rẹ̀, ó sì yí i títí omi fi dá.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ló tó pè mí. Ó ní, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé rẹ sọ pé obìnrin kọ̀ọ̀kan ní àkísà kan. Ta ni kò mọ ìyẹn? Èmi kì í bi obìnrin ní nǹkan kan. Àkísà ni mo máa ń dì mú. Bí mo bá rí irú àkísà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á jẹ́ pé obìnrin kan náà ló tún padà wá. Bí kò bá ti jẹ́ òun, mo máa dá ẹni tó dé lẹ́yìn padà sílé pé kó lọ wá òmíràn."

Mo wò ó. Ohun tí ọ̀gá ń sọ ní Ìkàrẹ́ ló ń sọ yìí, kò sì tíì rí ọ̀gá rí. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan, mo fi hàn pé àkísà kan ló ní, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àkísà: ká sọ pé méjì jọra, kí n wá fi hàn pé ẹnì kan náà ló ni wọ́n.

Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́ kó tó ti àtíbàbà. Ó lọ yí ká àwọn àpò, ó ń fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè pé, "Ta ló ni èyí?" Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ á dáhùn, tàbí wọ́n á dáhùn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú pe orúkọ inú ìwé mi.

"Bí mo bá pe orúkọ," ó ní, "gbogbo ẹni tí mo bá pè á jẹ́ mi, inú mi á dùn, mo máa lọ sùn. Àpò tí kò lólúwa á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa kan. Àpò kì í jẹ́ ìpè. Àfi kí n lọ bá a."

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo ya ojú ewé tí mo kọ orúkọ sí dànù, mo kọ 3x + 2 sórí òmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún dúró níwájú pátákó. Ọ̀gá kọ òfin kan náà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé àpò méjì ní àkísà kan náà." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó máa ń bo imú tún bo imú. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. "Àpò kí ni?" ó bèèrè. Mo ní kó má bínú, èsì ni mo fẹ́ sọ. Ká sọ pé p àti q fún wa ní èsì kan náà. Ìyẹn ni pé 3p + 2 àti 3q + 2 dọ́gba. Ẹ yọ méjì kúrò ní ìhà méjèèjì, ẹ pín in sí mẹ́ta: p àti q kì í ṣe méjì mọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo bọ́ sórí ìkejì. Mo ní kí ọ̀gá fi ọwọ́ kan nọ́ńbà èyíkéyìí lápá ọ̀tún, èyí tó bá wù ú, kó máa jẹ́ y. Mo máa yọ méjì kúrò nínú rẹ̀, mo máa pín ìyókù sí mẹ́ta, ohun tí mo bá rí ni olúwa rẹ̀. Mo tún fi òfin náà dá a padà, ó fún wa ní y. Kò sí èyí tí kò lólúwa.

Mo ti ń gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá dìde. Ó fi ìka pa ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin náà rẹ́, nọ́ńbà èyíkéyìí, ó kọ òmíràn dípò rẹ̀: nọ́ńbà odidi nìkan. Kò sí ìdá mọ́, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. "Tún un ṣe," ó ní, ó sì lọ dúró ti fèrèsé.

Wọn-tu-wọn kò yí padà, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ máa kọ ẹ̀rí ọ́ntù náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ ronú pé bí ọ̀gá bá ní kí ènìyàn fi ẹ̀rí hàn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo ní kí n fi ọwọ́ kan àwọn àpò náà ná, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ni méjì? Òdo. Ta ló ni márùn-ún? Ení. Ta ló ni mẹ́rin? Mo yọ méjì kúrò, ó ku méjì. Mo pín in sí mẹ́ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, a kò sì pè é wá síbí mọ́. Ó dà bíi pé mo gbọ́ tí omi ń ro níbì kan.

"Ọ̀gá," mo ní, "kì í ṣe ọ́ntù. Mẹ́rin kò lólúwa."

Kò yíjú sí mi. Ó mú ìwé orúkọ lórí tábìlì, ó kọ nǹkan sí i, ó ní, "Ẹni tó kàn."

Mo ránṣẹ́ sílé pé orúkọ mi ti wọ ìdánwò. Èsì tí bàbá mi fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Ìkàrẹ́ kò gùn: "Ó dára. Kó máa ṣe é lọ." Wọ́n ní àbúrò mi jókòó sídìí ààrò fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kó tó dìde lọ pọnmi. Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege, kì í ṣe pé mo yege lọ́nà tí wọ́n máa fi ṣe àpèjẹ. Àbúrò mi bọ́ sí ipò mi nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Èmi kò ṣe ìṣirò mọ́ lẹ́yìn ọdún kejì ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbà mí, ó sì ti bọ́ mi títí dòní.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni iṣẹ́ gbé mi gba Ìkàrẹ́, mo sì yà kí ọ̀gá. Ó ti fẹ̀yìntì, irun orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì tín-ín-rín bó ṣe wà. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ ọdún wa. Ó ní àwọn tó dúró níwájú pátákó òun pọ̀, òun ò rántí. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí: àkísà, èèpo, nọ́ńbà odidi, mẹ́rin tí kò lólúwa. Ọjọ́ tó tóbi jù lọ nínú ìgbà èwe mi, ọjọ́ Ẹtì lásán ló jẹ́ fún un. Kò dùn mí. Ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín.

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá sí i. Ó wá bèèrè pé, "Ṣé a ka àwọn tó dín sí òdo mọ́ àwọn tó wà lápá òsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo nọ́ńbà odidi."

Ó yọ péńsùlù láti àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó kọ ọ́ sí etí ìwé ìròyìn náà. Ó yọ méjì kúrò nínú mẹ́rin, ó pín in, ó wò ó. Ó tún gbìyànjú láti ìhà àwọn tó dín sí òdo, kó lè dá a lójú pé kò sẹ́ni tó fi ara pamọ́ síbẹ̀. Mo dúró dè é bí ẹni tó tún wà níwájú pátákó, ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni," ó ní nígbẹ̀yìn, ó dá péńsùlù padà sápò. "O yege."